Bàbá Fìì, Ọkùnrin Tó Ń Fi Atẹ́gùn Ránṣẹ́

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ Ifẹ̀-Ọ̀dàn kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láìsí ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn obìnrin gbà sá. Àwọn kan gba oko lọ. Àwọn kan kọjú sí Ẹ̀jìgbò. Ìyá Qàwíyyàt, olórí àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, bẹ́ sínú agbada gààrí tó ti tutù, ó ká jọ síbẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe kékeré. Ẹ́ńjìnì ń rọra kùn nínú ahéré, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Wọ́n ṣàdéédé gbọ́ "fììì" bí ìgbà tí ejò ń bínú. Bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnì gbé ohùn sókè. Ẹ̀rọ gbá ẹ̀gẹ́ mú, ó ń lọ̀ ọ́ kúnná. Lábẹ́ igi máńgòrò, bí àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí ibẹ̀, Ràmọ́nù jókòó sórí àga, ó di ọ̀pá irin kékeré kan mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Ẹ padà!" ó ń pariwo. "Dúsìmáà! Ẹ rọra! Èmi ni mò ń wà á láti ibí!"

Kò sẹ́ni tó padà. Àmọ̀kẹ́ àgbà nìkan, tó wọ aṣọ funfun Ògìyán rẹ̀, ló dúró ti ẹ̀rọ, tó ń ki ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ara gbogbo wọn balẹ̀, wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò sá.

"Ẹ̀gẹ́ mi ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ," ó ní. "Bí iwin bá fẹ́ bá mi lọ̀ ọ́, ta ni mí tí n óò fi dí i lọ́wọ́?"

Ìtàn yìí ni wọ́n ń sọ ní Ẹ̀jìgbò lọ́jọ́ Àlàrùbá, ọjọ́ kẹrin tí wọ́n sin Ràmọ́nù. Ibà ọjọ́ mélòó kan ló mú un lọ. Àwọn tó wá kí ilé kú ẹ̀yìn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ojú. Kàsímù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, kò lè jókòó. Wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó. Wọn kò tíì mójú kúrò lára rẹ̀ tó fi dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó wo ọ̀kadà rẹ̀, ó padà.

Ẹ̀rọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti dákẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá ni. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ọ̀pá, kò sí ohun tó yí. Kàsímù ti lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ki atẹ́gùn sínú táǹkì, ọwọ́ agogo tó ń wọn atẹ́gùn gòkè, ó tún wálẹ̀ lójú rẹ̀. Atẹ́gùn ń wọlé, kò dúró.

Ìyá Qàwíyyàt ti ránṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ bíbó wà nílẹ̀, ó ń kan. Bó bá di àárọ̀ Jímọ̀ tí ẹ̀rọ kò yí, wọn óò mú ọkùnrin kan wá láti ìlú Ara, á gé gbogbo páìpù yẹn dànù, á so bẹ́líìtì mọ́ ẹ́ńjìnì tààrà, bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Gbogbo ìlú ló mọ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó ń dá bẹ́líìtì dúró àfi kí ẹ́ńjìnì kú. Ọjọ́ kan ni bẹ́líìtì gbá etí ìró Ìyá Qàwíyyàt mú. Wọ́n pa ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì kò tètè gbà pé òun ti kú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ìró náà ti gbó, ó ya, ló jẹ́ kí obìnrin náà ṣì wà láyé. Ràmọ́nù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ra páìpù.

Kàsímù mọ èyí. Ohun tí kò mọ̀ ni bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kadà lòun ń tún ṣe. Nígbàkígbà tí bàbá bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, òun á ní òun ń bọ̀, òun á sì lọ. Ìwé márùn-ún ló kà tó fi sá kúrò nílé ìwé, àlàyé bàbá sì jọ ilé ìwé létí rẹ̀. Ó wá ku ẹnu àwọn àlejò nìkan níbi tó ti lè gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n Lùkmọ́nù," ó ní fún ọ̀kan nínú wọn, "ẹ sọ ti túùbù yẹn. Ẹ má fo ibì kankan."

Kí ẹni tí kò mọ Ràmọ́nù lè gbọ́ ọ yé: ọdún méjìlélógún ló lò ní Àbíjàn. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò yòókù lọ síbẹ̀ lọ ṣòwò, òun lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe ọkọ̀ èrò, kì í ṣe ti apẹja. Ọkọ̀ kékeré alágbára ni, tó ń fi okùn fa àwọn ọkọ̀ ńláńlá wọ èbúté, tó sì ń fi orí tì wọ́n bí àgbò. Ọ̀gá awakọ̀ wà lókè nínú yàrá oní-gíláàsì. Ràmọ́nù wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnì, níbi tí ariwo pọ̀ débi pé ènìyàn kò lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

"Báwo wá ni ọ̀gá òkè ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀?" Gbogbo ènìyàn ló máa ń bi í.

"Kì í bá wa sọ̀rọ̀. Atẹ́gùn ló fi ń ránṣẹ́."

Á wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ̀rọ kan wà, á ní, tó ń ki atẹ́gùn mọ́ inú ìgò irin tó ga ju ènìyàn lọ. Páìpù tín-ínrín gba ibẹ̀ lọ sókè, sídìí ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá ti ọ̀pá síwájú, atẹ́gùn á sáré gba páìpù kan wálẹ̀, á so ẹ́ńjìnì mọ́ abẹ̀bẹ̀ irin tó wà nísàlẹ̀ omi, ọkọ̀ á lọ síwájú. Bó bá fà á sẹ́yìn, páìpù mìíràn ni atẹ́gùn á gbà, ọkọ̀ á fi ẹ̀yìn rìn. Bó bá ṣe tì í jìnnà tó ni ẹ́ńjìnì á ṣe sáré tó. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn á kọ́kọ́ so nǹkan pọ̀ ná kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀gá bá sì gbé ọ̀pá sí àárín, atẹ́gùn á jáde, fììì, ohun gbogbo á tú sílẹ̀.

Ibi "fììì" yìí ló máa ń dùn mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀ á nu itọ́ kúrò lójú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Fìì.

Lùkmọ́nù, mẹkáníìkì ọkọ̀ nínú gáréèjì, ni kò gbà á gbọ́. "Èmi ni mo fọwọ́ fa wàhálà," ó sọ fún Kàsímù àti àwọn àlejò. "Mo bi wọ́n pé kí ni atẹ́gùn fi ń so ẹ́ńjìnì mọ́ abẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní túùbù ni. Mo ní, 'Túùbù kẹ̀? Nínú òkun? Ta ló ń bá yín lẹ̀ ẹ́ bó bá jò, ẹja?' Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Fìì kò rẹ́rìn-ín. Mi ò bá ti mọ̀ láti ibẹ̀."

Ọjọ́ kejì Ràmọ́nù yí òrùka irin ńlá kan dé gáréèjì, tí Ògúnwálé alágbẹ̀dẹ rọ fún un. Ó ti tẹ́ túùbù yí inú òrùka náà ká.

"Wọ inú rẹ̀," ó ní.

"Èmi?"

"Ìwọ ni abẹ̀bẹ̀. Èmi ni ọ̀gá. Wọ ibẹ̀."

Lùkmọ́nù wọ ibẹ̀, wọ́n gbé òrùka dé ìbàdí rẹ̀. Ràmọ́nù ṣí atẹ́gùn. Túùbù fẹ́ wú síta, irin kò gbà fún un. Inú ló wú sí. Ó gbá Lùkmọ́nù mọ́ra bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin mẹ́ta fa òrùka náà, Lùkmọ́nù ló ń bá a yí.

"Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Oúnjẹ àárọ̀ mi ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n ní, 'Ṣé túùbù lè di nǹkan mú?' Mo ní ó lè dì í mú. Wọ́n ní, 'Ṣé ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi?' Mo ní ó wà níbẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní, 'Ta ló ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún?' Mo ní, 'Ẹ̀yin ni, Bàbá mi!' Wọ́n ní, 'Ṣé èmi ni bàbá rẹ lóòótọ́?' Mo ní, 'Ẹ̀yin ni!'"

Bàbá tó bí Lùkmọ́nù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò wọ́n.

Ẹ̀rín gba ilé. Kàsímù nìkan ni kò jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu. Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Túùbù! Irú òrùka yẹn ló so ẹ́ńjìnì mọ́ bẹ́líìtì ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Bí túùbù rẹ̀ bá ti jò, atẹ́gùn kò lè dúró. Ó sáré lọ, ó tú òrùka, ó fa túùbù jáde, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Kò jò. Ó dà á padà, ó fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ ẹ: ó di irin mú gírígírí. Túùbù kò mọ nǹkan kan. Kàsímù tún gun ọ̀kadà padà sí Ẹ̀jìgbò.

Ìyá rẹ̀, Ràfíátù, wà nínú yàrá, ó ń ṣe opó.

"O tún ti jáde," ìyá ní.

"Mo ti dé, mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá máa ń sọ nípa ọ̀pá yẹn?"

"Ọ̀pá? Ọ̀pá ni wọ́n fi bá mi gbé fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n." Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Wọ́n ní nínú ọkọ̀ yẹn, ènìyàn kò lè ti iwájú bọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ dúró ní àárín díẹ̀ kí atẹ́gùn ti àkọ́kọ́ jáde tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin á kán. Bàbá rẹ bá gbé e wálé. Bí mo bá ń rẹ́rìn-ín, tí mo rántí ohun tí wọ́n ṣe, tí inú bí mi, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè: 'Àárín, Ràfíátù! Dúró ní àárín ná! O kò lè ti ẹ̀rín bọ́ sínú ìbínú báyìí, nǹkan á kán!' Mo ní, 'Kí ló máa kán?'"

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní, 'Èmi ni.'"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀, kò dúró ní àárín. Kàsímù di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó tún dìde. Ó lọ wo ọ̀pá ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọ̀pá dúró ní àárín dáadáa, ó ń lọ síwájú, kò há, kò jò.

Àárọ̀ Àlàmísì ló pàdé Alfa tí mọ́sáláṣí rẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Alfa fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kàsímù fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa táǹkì.

"Há, táǹkì!" Alfa mirí. Ràmọ́nù ní táǹkì kan nílé tó fi ń fẹ́ táyà fún àwọn ènìyàn. Ojoojúmọ́ kí wọ́n tó pe ìrun ìdájí ló ń ṣí ẹnu rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, tí gbogbo àdúgbò á fi ta jí. Alfa lọ bá a.

"Ràmọ́nù, ariwo kí nìyí?"

"Omi ni mò ń dà nù, Alfa. Bí wọ́n bá ki atẹ́gùn mọ́ inú irin, ó máa ń làágùn. Bí ẹ kò bá da òógùn yẹn nù, á bá a wọ páìpù, á jẹ irin. A kì í fi atẹ́gùn tútù wa ọkọ̀."

"Ṣé kò lè dúró dìgbà tí a bá kírun tán?"

"Alfa, ṣé ẹ lè kírun tán kí ẹ tó ṣe àlùwàlá?"

"Mo yíjú padà," Alfa sọ fún Kàsímù. "Mo wálé. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ń pe ìrun fún wa kò ra agogo mọ́."

Kàsímù dúpẹ́, ó sì ti wà lórí ọ̀kadà. Ó dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó wo ẹnu ìsàlẹ̀ táǹkì. Ó gbẹ, ó dì pinpin. Kò sí omi. Kò sí ibi tó kù.

Àwọn obìnrin ti kóra jọ. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan gba afẹ́fẹ́.

"Kàsímù," Ìyá Qàwíyyàt ní, "ó ti tó ìgbà mélòó tí o ti ń lọ tí o ń bọ̀? Ọ̀nà yìí mà ti mọ̀ ọ́ ju ìyá rẹ lọ."

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi kò bínú. Ẹ̀gẹ́ ló ń bínú. Ọkùnrin Ara yẹn ń bọ̀ lọ́la."

"Tó bá gé e, bẹ́líìtì tún máa—"

"Mo mọ ohun tí bẹ́líìtì ń ṣe. Èmi ló ṣe é fún." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í jẹ ìbẹ̀rù, wọ́n ń jẹ gààrí."

Kàsímù lọ pọn omi. Ó po ọṣẹ mọ́ omi, ó fi kànrìnkàn bẹ̀rẹ̀ sí í pa á mọ́ gbogbo ìsopọ̀ páìpù bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń ṣe. Ó pa á, ó ń wò. Kò hó. Ó dé ẹ̀yìn táǹkì, níbi tó kọjú sí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ kò wọ ibẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e, ẹ̀yin ìyá mi."

Obìnrin mẹ́fà ló gbé táǹkì náà kúrò lára ògiri, tí wọ́n ń bú òkú àti alààyè. Kàsímù pa ọṣẹ mọ́ ìsopọ̀ tó wà lẹ́yìn. Ó hó bí ẹnu ẹni tó ní wárápá.

Ẹnì kan ti tú ìsopọ̀ yìí. Ó dá a padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ló fi dì í. Ojú ẹ̀mú sì wà lára irin náà, ẹ̀mú ńlá, èyí tí wọ́n fi ń mú irin gbígbóná. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní irú rẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

Kàsímù kò gun ọ̀kadà. Ó sáré ni. Ògúnwálé alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, jókòó níwájú àgbẹ̀dẹ tí kò sí iná níbẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ tú páìpù yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin! Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń kú lọ! Wọ́n fẹ́ gé e dànù lọ́la! Kí ló dé tí ẹ ṣe é?"

Baba àgbà wò ó. "Jókòó."

"Mi ò lè jókòó, sà."

"Dúró nígbà náà." Ó nu ọwọ́ mọ́ra. "Ní agbo ilé tiwa, bí alágbẹ̀dẹ bá kú, a kì í fi èémí sílẹ̀ nínú ẹwìrì rẹ̀. Ẹwìrì ló ń fẹ́ iná. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kó afẹ́fẹ́ yẹn sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sin ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ kó tán, kó lè lọ pẹ̀lú ohun tí í ṣe tirẹ̀. Mo wo táǹkì yẹn lọ́jọ́ tí a sin bàbá rẹ. Ó kún. Òun ló ki atẹ́gùn sí i lọ́jọ́ tó lọ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ràmọ́nù kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n kí ni nǹkan yẹn, bí kì í bá ṣe ẹwìrì?"

Kàsímù wo ẹwìrì tó wà lẹ́yìn baba àgbà.

"N kò mọ̀ pé á ba iṣẹ́ jẹ́," Ògúnwálé ní. "Mo rò pé bí ẹ bá ti ki òmíràn sí i, ó parí. Èmi kò gbọ́ àlàyé rẹ̀ rí. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sùn."

"Èmi náà, sà. Mo máa ń sá ni."

Wọ́n jọ padà. Ògúnwálé fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀mú fún ìsopọ̀ náà, tó fún un dé ibi tí kò lè fún mọ́. Kàsímù tan ẹ̀rọ tó ń kó atẹ́gùn. Ọwọ́ agogo gòkè. Ó pa ẹ̀rọ náà. Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ agogo bí ẹni ń wo oṣù ààwẹ̀. Kò wálẹ̀.

Ó lọ sídìí ọ̀pá, ó tì í díẹ̀. Bẹ́líìtì yí. Ó tì í sí i. Ẹ́ńjìnì gbóhùn sókè. Ìyá Qàwíyyàt dúró ti ẹ̀rọ, ó ki ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ sí i, ó ki èkejì, ó wá pariwo lójijì, "Dúró!"

Kàsímù fà á sí àárín. Kí Ìyá Qàwíyyàt tó pa ẹnu dé, bẹ́líìtì ti dúró.

Obìnrin náà wo bẹ́líìtì. Ó wo ìró rẹ̀. "Ẹ ránṣẹ́ sí ọkùnrin Ara," ó ní. "Ẹ ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

Wọ́n lọ ẹ̀gẹ́ títí oòrùn fi rọ̀. Ògúnwálé kò lọ ilé. Ó jókòó sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga tí Kàsímù jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, ó na ẹsẹ̀. Kàsímù yíjú sí i.

"Bàbá, nígbà tí ẹ ṣí i, báwo ló ṣe rí?"

"Mo rò pé á tán lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti ẹwìrì. Kò tán. Mo dúró títí, ẹsẹ̀ ro mí. Mo bá jókòó tì í, mo ń dá a lóhùn. Mo sọ ti ìgbà tí a jọ jẹ́ ọmọdé. Mo sọ ti gbèsè tí a jọ jẹ ara wa. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ tán, òun ṣì ń sọ tirẹ̀ lọ." Ògúnwálé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o mọ̀ ọ́n? Ràmọ́nù kì í tètè dákẹ́."